Àwọn Ọkọ̀ Tí Mo Fọwọ́ Mi Mọ̀

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wá gbọ́ ìtàn, ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí mo ti ní láyé mi, kí n sọ èyí tí mo fẹ́ràn nínú wọn àti ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Inú mi dùn sí iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í sú mi. Èrò mi lórí rẹ̀ kò sì lọ́jú pọ̀. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ràn ni ọkọ̀ tí mo mọ inú rẹ̀, tí mo lè ṣí i kí n tọ́ka sí ohun tó ń ṣe é. Mo sì gbà pé ohun tó jẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ tíṣà lásán lè mọ inú ọkọ̀ ni pé ilẹ̀ yìí ni wọ́n ti ń to àwọn ọkọ̀ náà pọ̀. Nígbà tí a ń tò wọ́n nílé, ilé ni ìmọ̀ wọn wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí ọdún 1975. Owó epo rọ̀bì ti gbówó lérí láti ìgbà ogun Ísírẹ́lì àti àwọn Lárúbáwá ní 1973. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji ṣe alága rẹ̀ ti dá a lábàá ní 1974 pé kí wọ́n fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́, ìjọba Ọ̀gágun Gowon sì san án tòun ti àjẹsílẹ̀. Údójì ni gbogbo wa ń pe owó yẹn. Àwọn kan fi gbéyàwó, àwọn kan fi ra amóhùnmáwòrán, àwọn mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ ilé. Èmi fi tèmi san owó àkọ́kọ́ lórí ọkọ̀, mo sì yá ìyókù lọ́wọ́ ìjọba, nítorí ìjọba máa ń yá òṣìṣẹ́ lówó ọkọ̀ nígbà náà, wọn á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù.

Ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, tí Peugeot náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Wọ́n ń kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ wá láti òkèèrè ní wẹ́wẹ́, àwọn ọmọ wa ń jó o pọ̀, wọ́n ń tò ó, wọ́n ń kùn ún. Bí Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, ṣe wọ agboolé wa nìyẹn. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ewé tútù, nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣì jẹ́ ti Western State, nítorí wọn kò tíì pín wa sí Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ nígbà náà. Oṣù kejì ọdún 1976 nìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ará àdúgbò bá wa fọ ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá mi fi ọwọ́ pa á lára láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní, "Á gbé yín re ibi ire, Ògún á máa ṣọ́ ọ." Títí tí ìyá fi dágbére fáyé, kò wọ inú ọkọ̀ náà kí ó má kọ́kọ́ kí i.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin ọmọ òde òní kò tíì wọ Ìjàpá rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, níbi tí búùtù wà lára ọkọ̀ mìíràn. Iwájú ni ẹ ó kó ẹrù sí, ibẹ̀ náà ni táńkì epo àti táyà ìpààrọ̀ wà. Kò ní rédíétọ̀, kò mọ omi. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń mú bíi tiwa, oore ńlá ni. Kí wọ́n tó ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ojú ọ̀nà àtijọ́ ni gbogbo wa ń gbà, ẹ ó sì máa rí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, tí omi ń hó nínú rédíétọ̀, tí awakọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì dání tó ń wá odò kiri. Onííjàpá á kí wọn, á kọjá lọ.

Táyà ìpààrọ̀ tó wà níwájú yẹn ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe. Omi tí a fi ń fọ gíláàsì iwájú, afẹ́fẹ́ inú táyà ìpààrọ̀ ló ń tì í jáde. Rọ́bà tín-ínrín kan ló so táyà mọ́ ike omi, fáàfù kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ táyà lọ tán. Kò sí mọ́tò, kò sí wáyà. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní sáyẹ́ǹsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n lára ọkọ̀ yẹn ni mo ti rí ẹ̀kọ́ nípa agbára afẹ́fẹ́ tí ọmọ kankan kì í gbàgbé. Mo máa ń kó wọn jáde síbi tí mo gbé ọkọ̀ sí, kí wọ́n wá wò ó.

Bátìrì rẹ̀ wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Àwọn mẹkáníìkì àgbà máa ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbàgbé ìdérí rẹ̀, nítorí bí ẹni tó sanra bá jókòó, tí irin àga bá tẹ̀ kan orí bátìrì, iná lè ràn níbẹ̀.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn níbí, ló kọ́ mi ní púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kò kàwé púpọ̀, etí rẹ̀ sì mú ju ti ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀. Á ní, "Tíṣà, ẹ má wò ó, ẹ gbọ́ ọ." Nípa gbígbọ́ ni mo fi mọ ìyàtọ̀ láàárín ìgbà tí fáàfù bá fẹ̀ jù àti ìgbà tí sílẹ́ńsà bá lu. Òun ló kọ́ mi pé àárọ̀ kùtù ni a ń ṣe òdiwọ̀n fáàfù Ìjàpá, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti sùn mọ́júmọ́ tó sì tutù pátápátá, nítorí irin tó bá gbóná ti wú, òdiwọ̀n rẹ̀ á sì tàn yín jẹ. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi sáńdípépà nu ojú kọ́ńtáàkì, irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa kí iná lè ta, tí a sì ń lo bébà tín-ínrín láti mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ kó ṣí tó. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lórí ẹ̀kọ́ yẹn. Ó kàn fẹ́ràn kí ènìyàn mọ̀ ọ́n ni.

Bẹ́líìtì kan péré ló wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì Ìjàpá. Òun ló ń yí dáínámò, ọ̀pá dáínámò náà ló sì ń yí fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ́ńjìnnì. Bí bẹ́líìtì bá já, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀. Lára ọkọ̀ mìíràn, iná pupa yẹn lè jẹ́ pé bátìrì kò gba iná mọ́ ni, èèyàn lè rọra fi ara dà á délé. Ní ti Ìjàpá, ẹ́ńjìnnì kò rí afẹ́fẹ́ mọ́ nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó sun ún. Tèmi já lọ́jọ́ kan nítòsí Àṣẹ́jìrẹ, nígbà tí èmi, ìyàwó mi àti àkọ́bí wa ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Bẹ́líìtì mìíràn wà nínú ẹrù mi, sípánà sì wà lọ́wọ́. Mo tú nọ́ọ̀tì púlì, mo to àwọn wáṣà pẹlẹbẹ tó wà láàárín rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí iye wáṣà tó bá wà láàárín ló ń sọ bí bẹ́líìtì ṣe máa le tó, mo gbé tuntun sí i, mo dè é padà. Ìyàwó mi kò tíì fún ọmọ lọ́mú tán tí mo fi ta ọkọ̀ tó sì jẹ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ nǹkan kan. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè.

Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tiwa nìkan, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Ferdinand Porsche ló ya àwòrán rẹ̀ ní Jámánì ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Ní oṣù kejì ọdún 1972, iye rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe kọjá mílíọ̀nù 15, ó borí Ford Model T tó ti gba ipò àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìlú Puebla ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn ní 2003, iye rẹ̀ sì ti lé ní mílíọ̀nù 21. Àwọn ará Brazil náà fẹ́ràn rẹ̀, Fusca ni wọ́n ń pè é. Láti Brazil yẹn kan náà ni wọ́n ti ń kó ẹ̀yà ara ọkọ̀ Brasília wá sí Ọ̀jọ́, tí wọ́n sọ ọ́ ní Igala níhìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ Igala rí, ẹ ó rántí bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń dún láti ẹ̀yìn. Ọmọ ìyá Ìjàpá ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Súrùlérè. Ní 1977, nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ti pọ̀ jù, ìjọba pàṣẹ pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 3, 5, 7 tàbí 9 ní ọjọ́ tirẹ̀ tó lè jáde, ọkọ̀ tó kù náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tó lówó lọ ra ọkọ̀ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi wá sí Ìbàdàn, ó wo nọ́ńbà Ìjàpá mi, ó ní, "Àbúrò, èyí gan-an ni mò ń wá." Àṣẹ àgbà ni, n kò lè kọ̀. Ìgbà tó yá ó dá a padà, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ó sì ti ra káńpẹ́ẹ̀tì tuntun sí i.

Ọ̀rọ̀ Peugeot 504 yàtọ̀. Ìjàpá ni ọkọ̀ ọ̀dọ́, 504 ni ọkọ̀ ẹni tí ilé rẹ̀ ti kún. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ àgbà yé gun ọkọ̀ olówó gọbọi, 504 di ọkọ̀ ìjọba. Kọmíṣọ́nnà ń gùn ún, adájọ́ ń gùn ún, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ń gùn ún, àwọn awakọ̀ èrò náà sì ń fi onísítéṣọ̀n rẹ̀, èyí tó ní ìlà àga mẹ́ta, kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí ibi gbogbo. Ní ọdún 1981 ni mo ra tèmi, aláwọ̀ funfun. Mo ta Ìjàpá fún tíṣà kékeré kan níléèwé wa. Nígbà tó ń wà á lọ, mo dúró sẹ́nu géètì títí n kò fi gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́.

Ilé iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló bá Peugeot ya àwòrán 504, òun ni wọ́n sì yàn ní ọkọ̀ ọdún ní Yúróòpù fún 1969. Ìdagẹ̀rẹ̀ búùtù rẹ̀ àti ojú iná iwájú rẹ̀ tó tẹ̀ sókè, ọmọ ọdún mẹ́ta lè dá wọn mọ̀ láti òkèèrè. Lóòótọ́ ẹwà rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Sípíríǹgì rẹ̀ gùn, àga rẹ̀ rọ̀, tó fi jẹ́ pé ọ̀nà tó kún fún kòtò kì í já ènìyàn láyà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò nàró; wọ́n dà á ní ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n dígírì 45, bọ́nẹ́ẹ̀tì sì lọ sílẹ̀ nítorí ìyẹn, àyè sì gbà yín láti ki ọwọ́ bọ ibi tí ẹ bá fẹ́ dé. Ẹni tó ti ṣe ọkọ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ̀ tí ọwọ́ kò bá lè wọ inú rẹ̀, ìyà ni fún ẹni tó ń ṣe é.

Ìrìn àjò kan wà tí àwọn ọmọ mi ṣì ń sọ títí di òní. A gbéra láti Ìbàdàn, a gba Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, a sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà, a gba Mokwa àti Tegina títí a fi dé Kàdúná lọ́dọ̀ àbúrò ìyàwó mi. Àwọn ọmọ mẹ́rin wà lẹ́yìn, kúlà oúnjẹ wà láàárín wọn. Ní Jẹ́bà, mo dúró kí wọ́n lè rí odò náà dáadáa, kí wọ́n sì rí afárá ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí a dé Kàdúná, mo wà wọ́n lọ sí Kakuri, síwájú ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti to ọkọ̀ wa. Àbígbẹ̀yìn mi béèrè pé, "Bàbá, ṣé ọkọ̀ yìí mọ̀ pé ilé ni òun wá?" Mo ní ó mọ̀. Mo gbà á gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, torí pé àwọn ọmọkùnrin tó ń jáde lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ń wo ọkọ̀ wa, ọ̀kan nínú wọn sì fọwọ́ gbá a lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń kí ọ̀rẹ́.

Ẹ tún wo ohun tó wà lára ọkọ̀ náà nígbà yẹn. Táyà rẹ̀, ẹ lè ra ti Dunlop tí wọ́n ń ṣe ní Ìkẹjà tàbí ti Michelin tí wọ́n ń ṣe ní Port Harcourt. Bátìrì Exide, Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti ń ṣe é. Leyland náà ń to ọkọ̀ akẹ́rù ní Ìbàdàn yìí. Ọmọ tó bá kúrò níléèwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ibi tí yóò lọ. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ yẹn fún ọdún mélòó kan, tó bá jáde, á ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí Ògùnpa tàbí Mọ́kọ́lá, á sì gba ọmọ iṣẹ́. Bí ìmọ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwa tí a kò wọ ilé iṣẹ́ nìyẹn.

Ohun tó fà á tí gbogbo rẹ̀ fi dẹnu kọlẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹ̀yà ara tí wọ́n ń kó wá, owó òkèèrè ni wọ́n fi ń rà á. Ní 1985, náírà kan ṣì lágbára ju dọ́là kan lọ. Lẹ́yìn tí ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP kalẹ̀ ní 1986, kò tó ọdún kan tí dọ́là kan fi di nǹkan bíi náírà 4. Ọkọ̀ tuntun wá kúrò ní ohun tí tíṣà lè dáwọ́ lé. Owó oṣù wà níbi tó wà. Mo ṣì gbà pé bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ara ṣíṣe irin àti ẹ́ńjìnnì fúnra wa, kí a má dúró síbi títò nìkan, ìjì yẹn ì bá má wó ilé náà. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ Kàdúná fara dà á. Wọ́n ń to 504 títí wọ inú àwọn ọdún 2000, nígbà tí àwọn ará Faransé ti jáwọ́ nínú ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ láti 1983. Michelin kógbá sílé ní 2007, Dunlop sì jáwọ́ nínú ṣíṣe táyà níbí ní 2008.

Bí tòkúnbọ̀ ṣe wọlé nìyẹn. Láti Bẹ́ljíọ̀mù ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń wá nígbà náà, wọ́n ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Kùtọnu, wọ́n ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Èmi náà ra Toyota Corolla kan. Ó sìn mí dáadáa, ó ń mu epo níwọ̀nba, mo sì dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò ní ìtàn púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀, nítorí kò fún mi ní iṣẹ́ ṣe.

Ọkọ̀ tí mo ń wà báyìí ní ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì bọ́ọ̀kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Kò ní kábúrétọ̀, kò ní kọ́ńtáàkì. Kọ̀ǹpútà ló ń pinnu ìgbà tí epo máa wọlé àti ìgbà tí iná máa ta. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ike dúdú gbàǹgbà kan ló bo gbogbo rẹ̀. Mo fetí sí i bí ọ̀gá mi ní Mọ́kọ́lá ṣe kọ́ mi, mo mọ̀ pé sílíńdà kan kò ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò mọ èwo ni. Ọmọ ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ó ki nǹkan kékeré kan bọ abẹ́ ṣítíárìn, ó ṣí fóònù rẹ̀, fóònù sì kọ P0301. Ó ní ìyẹn ni pé sílíńdà kìíní ni kò jó epo rẹ̀. Ó wá yọ kọ́ìlì orí sílíńdà kìíní, èyí tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná, ó gbé e sórí èkejì, ó gbé ti èkejì sórí èkíní, ó ta ọkọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí P0302 ló jáde. Àìsàn ti bá kọ́ìlì lọ. Kọ́ìlì ni, kì í ṣe plọ́ọ̀gì, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Mo gbá ọmọ náà mọ́ra. Ohun tí ọ̀gá Mọ́kọ́lá ì bá ṣe ló ṣe: ó gbé ohun tó fura sí kúrò níbi kan lọ síbòmíràn, ó wo bóyá ẹjọ́ náà á tẹ̀ lé e. Ọmọ yìí kò rí ọkùnrin yẹn rí o! Inú íntánẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́ ọ, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, èmi kì í bá àwọn ẹgbẹ́ mi sọ pé ayé ọkọ̀ ti bàjẹ́. Ọkọ̀ òní ń dúró lọ́nà níwọ̀nba ju ti àná lọ, òtútù inú rẹ̀ dùn, búréèkì rẹ̀ sì dára jù. Ohun tó dùn mí ni pé ọmọ tó ní orí pípé báyìí kò ní Ọ̀jọ́ tàbí Kàdúná tí yóò lọ bí a ti ní in nígbà yẹn.

Kí n tó jókòó, ẹ̀bẹ̀ kan. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣì ní 504 tàbí Ìjàpá bàbá wọn lẹ́yìnkùlé, tí koríko ti bò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kiri. Ẹ sì má sáré so bátìrì mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ fa epo àtijọ́ inú táńkì dànù, nítorí ó ti bàjẹ́. Ẹ tú plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sípánà yí púlì ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ọwọ́, jẹ́jẹ́. Bó bá yí, ó ṣì wà láàyè. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo, pàápàá ti Ìjàpá, nítorí rọ́bà tó ti sán lè máa kán epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná sì ni yóò dá sílẹ̀. Ẹ tú búréèkì rẹ̀ wò kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni kí ẹ wá so bátìrì. Bí ó bá kọ̀, ẹ wá mi wá. Mo ṣì ní sípánà mi.

Ẹ ṣeun. Mo rí ọwọ́ kan tó ti nà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ béèrè.